Ìbéèrè àti ìdáhùn nípa fáàfù, sípíríńgì àti káàmù fún ẹ́ńjìnì tó ń sáré

Iṣẹ́ tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì tí fáàfù wà nínú rẹ̀, nìkan ni mò ń ṣe. Mi kì í tú gíà, mi kì í wo bíréèkì, ẹ má sì bi mí nípa ẹ́ésì. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Oǹdó níhìn-ín ní Àkúrẹ́, oríṣi oníbàárà méjì ló sì ń wá bá mi: ẹni tí tọ́ọ̀pù rẹ̀ gbóná títí tó fi wọ́, àti ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ lọ. Torí àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni mo ṣe kọ èyí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ àti lálẹ́, kódà lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀gbọ́n, kí gan-an ló wà nínú valvetrain yìí?

Gbogbo ohun tó ń ṣílẹ̀kùn ẹ́ńjìnì tó sì ń tì í ni. Fáàfù ni ilẹ̀kùn ọ̀hún. Èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ àti epo wọlé là ń pè ní intake, èyí tó ń lé èéfín jáde ni exhaust. Sípíríńgì ló ń fa fáàfù padà kó lè tì. Retainer ni fìlà pẹlẹbẹ tó dé sípíríńgì lórí. Lọ́ọ̀kì méjì tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ ló sì há retainer náà mọ́ ọrùn fáàfù. Gáìdì ni ihò tí ẹsẹ̀ fáàfù ń gbà lọ gbà bọ̀. Síìlì wà lórí gáìdì kí ọ́ìlì má bàa ṣàn wọlé. Síìtì ni ibi tí orí fáàfù ń jókòó sí. Kámúṣáàfù, tí gbogbo wa ń pè ní káàmù, ló ń ti gbogbo wọn, yálà ó gba ara rọ́kà (apá irin tó ń tẹ fáàfù), tápẹ́ẹ̀tì (irin tí káàmù ń tẹ̀ ní tààrà) tàbí pushrod (ọ̀pá tó ń ti rọ́kà láti ìsàlẹ̀). Ṣéènì tàbí táímìnì bẹ́líìtì ló so káàmù mọ́ kíráńkì, ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí.

Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀méjì, káàmù á yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Tí ọwọ́ RPM (iye ìgbà tí kíráńkì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) bá wà ní 6,000, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí ó sì ń tì nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó dárúkọ ara yín tán, ó ti gbá ilẹ̀kùn nígbà àádọ́ta. Ní 8,000, ó lé ní 66. Bí eré ẹ́ńjìnì bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fẹ́ já fáàfù gbà mọ́ sípíríńgì lọ́wọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí páàtì tó ti ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ọdún mẹ́wàá lábẹ́ 6,000 fi lè fọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ẹ bá gbé e dé 8,000.

Honda Accord tí wọ́n ń pè ní End of Discussion ni mò ń wà. Ṣé káàmù ni kí n kọ́kọ́ rà?

Rárá. Káàmù ni gbogbo èèyàn ń bi mí léèrè torí pé òun ló lórúkọ, òun ló sì ń yí ohùn ọkọ̀ padà. Ẹ kọ́kọ́ wọn compression, ìyẹn agbára tí sìlíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ní sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ gan-an ju àwọn yòókù lọ, fáàfù ti ń jò tàbí kí ríìngì ti lọ, ohunkóhun tí ẹ bá wá gbé lé e lórí, owó tí ẹ dà sódò ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ irú tọ́ọ̀pù tí ẹ ní. Àwọn Accord oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó wá láti Amẹ́ríkà, ti ọdún 2003 sí 2005, ẹ́ńjìnì K24A4 ló wà nínú wọn. VTEC, ọgbọ́n Honda tó ń yí bí fáàfù ṣe ń ṣí padà, tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ti eré, ti ìfipamọ́ epo ni: tí ẹ bá ń rọra wà á, ọ̀kan nínú fáàfù intake méjì tó wà ní sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí. Ẹni tó bá lọ ra káàmù alágbára tí wọ́n ṣe fún K20A2, ẹ́ńjìnì Honda mìíràn tó jẹ́ ti eré, tó gbé e wá pé kí n kì í bọ inú tọ́ọ̀pù yẹn, á bá a níbẹ̀ pé rọ́kà rẹ̀ ò bá a mu. Bí owó bá wà, ẹ wá tọ́ọ̀pù Acura TSX ti ọdún 2004 sí 2008. K24A2 lorúkọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ intake tirẹ̀, èjìká mẹ́ta (ibi tó yọ lára káàmù tó ń ti fáàfù) ni káàmù náà ní fún fáàfù méjì: méjì fún ìrìn pẹ̀lẹ́, èyí tó ga jù láàárín fún eré. Ọgbọ́n yẹn gan-an ni Honda gbé jáde ní 1989 lórí Integra.

Lẹ́yìn náà ni sípíríńgì àti retainer. Lẹ́yìn wọn ni káàmù. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé sípíríńgì mi ò tó mọ́?

Ẹ ti rí oníjó tí onílù ń yára lù fún jù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá ìlù lọ mọ́? Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Káàmù ti lọ, fáàfù ò tíì dé ilé. Ọkọ̀ á ń fà dáadáa, tó bá dé RPM kan báyìí, agbára rẹ̀ á kàn lọ, á máa dún pátápátá bí ẹni da ẹ̀kùrọ́ sórí páànù. Tí ẹ bá tún gbìyànjú, ibi RPM yẹn náà ni á tún ti ṣe é. Ẹ má ṣe fi í wé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá gé epo kí eré má bàa pọ̀ jù. Ìyẹn máa ń gé déédéé, tù-tù-tù, kò ní dún bí irin.

Ohun kan tí àwọn ọmọkùnrin máa ń gbàgbé: kọ̀ǹpútà lè gé epo, kò lè gba ẹ̀ṣẹ̀ ọwọ́ yín. Tí ẹ bá wà ní gíà mẹ́rin, tí ẹ fẹ́ bọ́ sí mẹ́ta, tí ọwọ́ sì ṣì bọ́ sí méjì, táyà ló máa fipá yí ẹ́ńjìnì náà kọjá ibi tí sípíríńgì lè bá a dé. Mo ti ṣí tọ́ọ̀pù tí fáàfù mẹ́jọ wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí irú àṣìṣe yìí, wọ́n tẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga ike.

Sípíríńgì wo ni kí n rà?

Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá káàmù yín mu. Ìdáhùn yìí máa ń bí àwọn èèyàn nínú torí orúkọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà ṣàlàyé, nọ́ńbà àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe ti ọkọ̀ kan pàtó.

Ká ní nígbà tí fáàfù tì, gíga sípíríńgì jẹ́ 35 mm. Káàmù yín ń gbé fáàfù sókè ní 11 mm. Ó túmọ̀ sí pé tí fáàfù bá ṣí tán, sípíríńgì ti dín kù sí 24 mm. Ẹ fún sípíríńgì kan náà mọ́ inú fáìsì títí tí gbogbo òrùka rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ fi fáníà wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ 22 mm, àyè tó ṣẹ́ kù jẹ́ 2 mm. Ìyẹn dára, 1.5 mm ni mo fẹ́ rí ó kéré tán. Wàyí o, ẹ yọ káàmù yẹn, ẹ fi èyí tó ń gbé e ní 12.5 mm sí i. Àyè tó kù ti di ààbọ̀ mílímítà. Lọ́jọ́ tí ohun gbogbo bá gbóná tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, òrùka á lu òrùka, ohun tó bá sì rọ̀ jù níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́.

Èkejì ni agbára. Ẹni tó ń ta sípíríńgì gidi máa kọ ọ́ sára ìwé pé ní gíga báyìí, agbára rẹ̀ jẹ́ báyìí, àti pé ó ń fi báyìí pọ̀ sí i ní mílímítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ kílò 30 nígbà tí fáàfù tì, tó sì ń fi kílò 4 pọ̀ sí i ní mílímítà kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá ṣí dé 11 mm, ó ti di kílò 74. Ilé iṣẹ́ tó ṣe káàmù máa ń sọ iye tí káàmù wọn fẹ́. Ẹ fi méjèèjì wéra. Bí ẹni tó ń tà á ò bá ní ìwé yẹn, ẹ bá tiyín lọ.

Mi ò ní ẹ̀rọ ìdánwò olówó ńlá. Ìwọ̀n ìtẹ̀lé, irú tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn aboyún, ni mo gbé sábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò. Mo gbé sípíríńgì lé e, mo fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ dé gíga tí mo fẹ́, mo ka nọ́ńbà. Mo ń wọn mẹ́rìndínlógún pátá. Bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá sún mọ́ra tí ọ̀kan rẹlẹ̀, ẹni tó rẹlẹ̀ yẹn ló máa ba ẹ́ńjìnì jẹ́.

Ní ti ìrísí, oní-méjì nínú ara wọn wà, ti kékeré nínú ti ńlá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá ṣẹ́, ìkejì lè di fáàfù mú kó má já sínú sìlíńdà. Èyí tó dà bí ilé oyin wà náà, tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Ó ń jẹ́ kí retainer kéré kó sì fúyẹ́, kì í sì í tètè gbọ̀n bíi ti èyí tó gún régé. Fún ọkọ̀ tí ẹ ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, onílé-oyin yẹn ni mo fẹ́ràn.

Ṣé kí n kúkú ra èyí tó le jù lọ, kọ́kàn mi lè balẹ̀?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára tó bá ti kọjá ohun tí káàmù fẹ́, ara káàmù, rọ́kà àti ṣéènì ló ń jẹ. Mo ti rí èjìká káàmù tó jẹ di pẹlẹbẹ láàárín oṣù mélòó kan torí pé ẹnì kan fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀.

Ṣé mo lè ra sípíríńgì níbì kan, kí n ra retainer níbòmíràn níbi tó ti dín owó?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, torí pé ara mi ni mo ti kọ́ ọ.

Ọmọ FUTA kan gbé Accord rẹ̀ wá. Owó rẹ̀ ò tó odindi sẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe é bó ṣe mọ." Mo ní sípíríńgì àti retainer tuntun nílẹ̀ tí oníbàárà kan kò padà wá gbà. Lọ́ọ̀kì ló kù. Mo ránṣẹ́ sí ẹnì kan l'Ékòó, ó fi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ránṣẹ́, ọ̀kan lé. Mo tò ó. Gbogbo rẹ̀ wọlé, kò sí èyí tó ta kò mí. Mo fi òòlù ike gbá orí fáàfù kọ̀ọ̀kan bí a ṣe máa ń ṣe, wọ́n dúró. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n pè mí láti ojú ọ̀nà Iléṣà, lẹ́yìn Ìgbàrà-Òkè. Fáàfù exhaust kan ti já sínú sìlíńdà kẹta, orí rẹ̀ ti dá ihò lu písítìnì.

Nígbà tí mo tú u, mo gbé lọ́ọ̀kì kan sínú retainer, mo gbé e sókè sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́ọ̀kì tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní dígíríì 7 ni mo ti bọ inú retainer tí wọ́n gé ní dígíríì 10. Etí kan ṣoṣo ló di ara wọn mú. Ẹni tó ta lọ́ọ̀kì kò purọ́ fún mi. Èmi ni mi ò béèrè. Èmi ni mo ra písítìnì àti fáàfù yẹn, mo sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ìgbà náà, sípíríńgì, retainer, lọ́ọ̀kì àti àwo ìsàlẹ̀ sípíríńgì, láti ọwọ́ ẹni kan náà, nínú páálí kan náà, tàbí kí iṣẹ́ náà dúró. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ó sàn kí ẹ fi gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ má sì kọjá RPM tí wọ́n ní kí ẹ má kọjá, ju kí ẹ pa ìdílé mẹ́ta pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan.

Fáàfù ńkọ́? Ṣé titanium ló dáa jù?

Titanium fúyẹ́, ó tó ìdá méjì nínú márùn-ún tó fi fúyẹ́ ju irin lọ. Sípíríńgì fẹ́ràn ìyẹn. Ṣùgbọ́n orí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń nílò ìbòrí líle, síìtì lásán lè jẹ ẹ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹ̀pẹ̀ láàpù lọ̀ ọ́ bí a ṣe ń lọ ti irin, torí ẹ máa bó awọ tí wọ́n fi wé e. Fún Accord tó ń gba Ọjà Ọba kọjá lójoojúmọ́, àṣejù ni.

Ohun tí èmi ń rà fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni irin tí wọ́n ń pè ní 21-4N, tó ní chromium bí ìdá 21 nínú 100 àti nickel bí ìdá 4. Ó gba ìgbóná, kò tètè jẹrà, owó rẹ̀ ò sì pa èèyàn. Ẹni tó bá gbé túúbò sí ọkọ̀ rẹ̀ lọ̀rọ̀ yí padà fún. Orí fáàfù exhaust lè gbóná kọjá 700°C, tí túúbò bá wà níbẹ̀, ó tún máa ń le sí i. Inconel, irin oní-nickel tó ń fara da ooru gan-an, ni kí ẹ fi sí exhaust nìkan. 21-4N ṣì tó fún intake, torí atẹ́gùn tútù àti epo ń tù ú lára ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí.

Fáàfù kan tún wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ihò nínú, tí wọ́n da sodium sí. Sodium máa ń yọ́ ní bíi 98°C, á máa mì síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀, á máa gbé ooru láti orí wá sí ẹsẹ̀. Corvette Z06 tó jáde ní 2006, oní-ẹ́ńjìnì LS7, titanium ni intake rẹ̀, exhaust rẹ̀ sì ní sodium nínú. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: alágbẹ̀dẹ kan wá tọrọ fáàfù àlòkù lọ́wọ́ mi láti fi rọ irin ìgbẹ́gi. Mo wo ìdọ̀tí ilẹ̀ mi dáadáa kí n tó fún un. Sodium tó bá kan omi máa ń gbiná, ó sì lè bú gbàmù. Ẹ má gé irú fáàfù bẹ́ẹ̀, ẹ má jó o, ẹ má sọ ọ́ sínú iná.

Tòkunbọ̀ tàbí tuntun?

Káàmù tòkunbọ̀, mo máa rà á. Rọ́kà, mo máa rà á tí rólà rẹ̀ bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Fáàfù, bóyá. Sípíríńgì, lọ́ọ̀kì àti síìlì, láéláé. Sípíríńgì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún mẹ́wàá ti rẹ̀, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rẹ̀ ni.

Tí ẹ bá dúró níwájú ẹni tó ń ta fáàfù tòkunbọ̀, ẹ mú maikiromítà dání. Ẹ wọn ẹsẹ̀ fáàfù lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì wọn ibi tí gáìdì kì í kàn. Tí ìyàtọ̀ bá ti tó 0.03 mm, ẹ dá a padà. Ẹ fi èékánná fa ojú ihò tí lọ́ọ̀kì ń wọ̀. Etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, kò gbọdọ̀ yí bíi bèbè àwo. Ẹ wo etí orí rẹ̀: tó bá ti mú bí ọ̀bẹ, wọ́n ti lọ̀ ọ́ kọjá, yóò jó. Ẹ yí i lórí gíláàsì tó tẹ́jú kan kí ẹ wò ó bóyá ó ń jó ijó. Ọlọ́jà á máa sọ pé ẹ ti ń pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kó máa sọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ayédèrú?

Páálí kọ́ ló máa sọ fún yín. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ páálí tẹ̀ ju àwọn tó ní orúkọ náà lọ. Supertech, Ferrea àti Manley ní Amẹ́ríkà, Schrick ní Jámánì, Kelford ní New Zealand, orúkọ tó níyì ni wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ jìbìtì á fi wá wọn lọ. Ẹ mú nọ́ńbà páàtì tó wà lára rẹ̀, kí ẹ wá a lórí ìwé ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ ka ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀: gígùn, fífẹ̀ orí, fífẹ̀ ẹsẹ̀, ìwúwo. Lẹ́yìn náà ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ayédèrú lè fara jọ ojúlówó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é kì í ní sùúrù láti jẹ́ kí mẹ́rìndínlógún dọ́gba. Mo máa ń gbé fáàfù mẹ́rìndínlógún sórí ìwọ̀n góòlù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n alákàn náà ì bá ra maikiromítà tó bá rí owó rẹ̀.

Sienna mi ń tú èéfín búlúù láàárọ̀. Ṣé páàtì eré ni mo nílò?

Rárá o, Mọ́mì. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ nìkan ló ń tú u, tó sì dáwọ́ dúró láìpẹ́, síìlì fáàfù ló ti gan. Ọ́ìlì ń ṣàn wọlé lóru. Ẹ fi Viton pàrọ̀ rẹ̀, òun ló ń fara da ooru ju rọ́bà lásán lọ. Kí mẹkáníìkì yín di fáàfù mú, kó gbọ̀n ọ́n sí ọ̀tún àti òsì kó tó fi síìlì tuntun sí i: tó bá ń mì, gáìdì ti jẹ, síìlì tuntun ò ní pẹ́. Gáìdì idẹ dára níbi tí eré bá wà torí ó ń gbé ooru kúrò lára fáàfù kíákíá. Àyè ẹsẹ̀ intake nínú gáìdì sábà máa ń wà láàárín 0.025 àti 0.06 mm, exhaust máa ń fẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ṣé ìyẹ̀pẹ̀ láàpù ò tó? Kí nìdí tí ẹ fi ń gba owó gígé síìtì?

Láàpù ń jẹ́ kí ẹ rí ibi tí fáàfù kàn, kì í tún síìtì tó ti wọ́ ṣe. Síìtì tó dáa ní ojú mẹ́ta: dígíríì 45 ni ibi tí fáàfù jókòó sí, dígíríì 30 lókè rẹ̀, dígíríì 60 nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè yí kọ́nà láìkọsẹ̀. Ibi tó kàn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 1 sí 1.5 mm fún intake; mo máa ń jẹ́ kí ti exhaust fẹ̀ díẹ̀ sí i torí pé apá tó pọ̀ jù nínú ooru fáàfù, ibẹ̀ ló ń gbà jáde.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi, ẹ da pẹtiróòlù sínú ojú ihò intake àti exhaust nígbà tí fáàfù ti wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wo abẹ́. Tó bá tutù, ẹ dá a padà fún un. Ẹ kàn má ṣe é nítòsí ẹni tó ń jó irin.

Mo ti ra káàmù ńlá. Ṣé fáàfù ò ní kan písítìnì?

A ò mọ̀ àfi ká wọ̀n ọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ọmọ iléèwé l'Ọ́jà Ọba ni mo ti ń ra irinṣẹ́ yìí: amọ̀ aláràbarà tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fi ń mọ ẹran. Ẹ tẹ́ ẹ sórí písítìnì, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á kó má lẹ̀. Ẹ de tọ́ọ̀pù pẹ̀lú gáàsíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ẹ to táímìnì, kí ẹ wá fọwọ́ yí kíráńkì lẹ́ẹ̀méjì gbáko. Ọwọ́ ni o, kì í ṣe sítátà! Tó bá le níbì kan, ẹ dúró. Ẹ tú u, ẹ fi bíléèdì gé amọ̀ náà níbi tí fáàfù ti tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wọn ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Mo fẹ́ 2 mm fún intake àti 2.5 mm fún exhaust. Exhaust ló fẹ́ àyè jù, torí pé písítìnì ló ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, tí sípíríńgì bá sì pẹ́ díẹ̀ láti fà á, a ti kàn án.

Matrix XRS ni tèmi. Ó ń dákẹ́ tó bá kọjá 6,000, kò gba agbára kejì.

Ẹ́ńjìnì 2ZZ-GE lẹ ní, irú tó wà nínú Celica GT-S. Bóòtù méjì kan wà ní ìdí ọ̀pá rọ́kà tí ọ́ìlì tó ń gbé èjìká eré káàmù náà ṣiṣẹ́ ń gbà kọjá. Ti àwọn tó kọ́kọ́ jáde máa ń jẹ títí á fi ṣẹ́. Ẹ wò wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ta káàmù fún yín. Toyota ti tún bóòtù náà ṣe, èyí tuntun ni kí ẹ béèrè.

Kí lẹ lè sọ fún àwa tí V8 Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ wa?

Ẹ wọn gígùn pushrod. Tí ẹ bá ti fá tọ́ọ̀pù, tí ẹ yí gáàsíkẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́kà padà, gígùn tó wà nínú ìwé ti di ìtàn. Pushrod ìdánwò wà tí ẹ lè fà gùn tàbí sún kúrú. Òun ni kí ẹ fi wọ̀n kí ẹ tó ra ojúlówó.

Tó bá jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí kò ní rólà ló wà nínú rẹ̀, ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló máa sọ bóyá káàmù náà máa dàgbà. Ẹ fi gíríìsì líle tí wọ́n ṣe fún káàmù tuntun pa ojú rẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ gbé e sí 2,000 sí 2,500 RPM lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó rọra máa yí lórí ìdúró, torí ọ́ìlì tí kíráńkì ń ta sókè ló ń bọ́ káàmù náà. Ọ́ìlì tó ní zinc àti phosphorus dáadáa ni kí ẹ lò. Àwọn ọ́ìlì fífúyẹ́ bíi 5W-30 tí wọ́n kọ API SN sí lára (àmì ìpele ọ́ìlì) kì í ní ju ìdá 0.08 nínú 100 phosphorus lọ, kó má bàa ba kátálíìsì tó ń fọ èéfín mọ́ jẹ́. Ó tó fún Corolla, kò tó fún tápẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí sípíríńgì líle ń tẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n wọn àyè fáàfù?

Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀. Nígbà tó bá fi máa di aago méjìlá pẹ̀lú oòrùn Àkúrẹ́, ẹ́ńjìnì tí ẹ gbé wá láti Ìdànrè kò tíì tutù, nọ́ńbà tí ẹ bá kà, irọ́ ni. Fún 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla àti Matrix lásán, intake jẹ́ 0.15 sí 0.25 mm, exhaust 0.25 sí 0.35 mm. Kò ní síkúrùù tí ẹ lè yí. Odindi tápẹ́ẹ̀tì lẹ máa pàrọ̀ pẹ̀lú èyí tó nípọn jù tàbí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Tí ẹ bá ń gbọ́ tí-tí-tí, tí ẹnì kan wá ní kí ẹ há a kó lè dákẹ́, ẹ má gbọ́. Fáàfù tó ń pariwo díẹ̀ ṣì ń jókòó. Èyí tí wọ́n há jù kì í jókòó tán, ooru ò rí ibi gbà jáde, á jó.

Ṣé mo lè fi tọ́ọ̀pù nìkan ránṣẹ́ láti Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀, láìgbé ọkọ̀ wá?

Ẹ lè fi í ránṣẹ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ fá ojú rẹ̀, ẹ má sì fọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń sọ ìtàn fún mi. Tí ẹ bá ti tú fáàfù, ẹ wá kíréètì ẹyin kan, kí ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà sìlíńdà sí i lára, kí ẹ to fáàfù, tápẹ́ẹ̀tì àti lọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan sí ihò tirẹ̀, intake lápá kan, exhaust lápá kejì. Tí ẹ bá kó gbogbo wọn gbuurugbu sínú báàgì náílọ̀nù kan, iṣẹ́ ọjọ́ kan lẹ ti fi kún un yẹn, màá sì gba owó rẹ̀.